Tápà ní Èkó, Ará Èkó ní Ẹ̀pẹ́: Iṣẹ́ Ogun Balógun Òṣòdì Nínú Àwọn Orúkọ Tó Kù Sílẹ̀

Ìsọlọ̀ ni ilé wa wà. Láàárọ̀, dánfó ni mo ń wọ̀ láti Ìsọlọ̀ dé Òṣòdì, kí n tó wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti ń gbọ́ tí àwọn kọ́ńdọ̀ ń ké pé, "Òṣòdì! Òṣòdì Òkè! Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Mo kọ́ fonọ́lọ́jì, mo kọ́ mọfọ́lọ́jì, mo kọ́ síńtáàsì, síbẹ̀ mi ò bi ara mi rí pé ta ni Òṣòdì tí wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀ láti ìdájí títí di òru.

Ohun tó mú mi béèrè kò dùn ún sọ. Lọ́jọ́ kan ní sáà tó kọjá, bàbá àgbàlagbà kan tó gbé àpò ẹja gbígbẹ lé itan jókòó síwájú mi nínú ọkọ̀. Ó béèrè ṣéńjì igba náírà. Kọ́ńdọ̀ ní òun ò ní. Bàbá tún béèrè, Yorùbá rẹ̀ sì ní ohùn èdè mìíràn nínú. Ni kọ́ńdọ̀ bá dá a lóhùn pé, "Bàbá Tápà yìí, ẹ má dà mí láàmú! Ṣé ìlú yín nìyí ni?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá kò fọhùn mọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Tóyótà láìgba owó rẹ̀. Kọ́ńdọ̀ na ọrùn síta, ó tún ń ké, "Òṣòdì! Òṣòdì!" Èmi náà kò sọ nǹkan kan.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà mi. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ìwọ tí wọ́n ní ò ń kẹ́kọ̀ọ́ èdè. Ṣé o ò mọ̀ pé Tápà ni Òṣòdì fúnra rẹ̀ ni?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Mi ò mọ̀."

Wọ́n ní, "Lọ kà á."

Mo lọ kà á. Ohun tí mo rí ni mo kó wá síbí. Òṣòdì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ogun tó lágbára jù ní Èkó láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn òpìtàn ti kọ nípa rẹ̀, mi ò sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ wọn fún wọn. Ohun tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè lè ṣe ni pé ká kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ìgbésí ayé ọkùnrin yìí fi sílẹ̀ jọ, ká tú wọn palẹ̀ bí a ṣe ń tú dátà palẹ̀ ní kíláàsì, ká sì wo ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọ̀rọ̀ kìíní: Tápà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí kọ́ńdọ̀ sọ di èébú. Tápà ni orúkọ tí Yorùbá ń pe àwọn ènìyàn tó ń pe ara wọn ní Nupe, àwọn tí ilẹ̀ wọn wà lẹ́bàá odò Ọya, tí Bida jẹ́ ìlú ńlá láàárín wọn. Irú orúkọ báyìí pọ̀ nínú èdè gbogbo: aládùúgbò ló sọ ọ́, kì í ṣe onílé. Kò sí èébú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohùn ẹni tó ń sọ ọ́ ló ń fi èébú sí i.

Bí a bá sì wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa nínú àṣà Yorùbá, ọ̀rọ̀ iyì ni. Ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé ọmọ ọba Tápà ni ìyá Ṣàngó. Igunnuko tí wọ́n ń gbé jáde ní Èkó, tó máa ń ga sókè tí á tún súnkì wálẹ̀, láti ilẹ̀ Tápà ló ti wá. Ọmọ Èkó tó ń sá tẹ̀ lé Igunnuko tó sì ń fi Tápà ṣe yẹ̀yẹ́, ìdílé ara rẹ̀ ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ilẹ̀ Nupe ni wọ́n bí Òṣòdì sí. Ìtàn sọ pé ogun pa àwọn òbí rẹ̀, ọmọdé ni nígbà tó dé Èkó, ó sì sá wọ ààfin Ọba Òṣìnlókun kí wọ́n má baà kó o sínú ọkọ̀ àwọn tó ń ra ẹrú. Ààfin gbà á, ṣùgbọ́n ẹrú ààfin ni wọ́n gbà á sí. Ìtàn kan náà sọ pé nígbà tí oníṣòwò Pọtogí kan ní kí ọba fún òun ní ọmọ díẹ̀ kí òun mú wọn lọ kàwé lókè òkun, ẹ̀rù ba ọba pé wọ́n lè má padà wá. Kò fi ọmọ bíbí inú rẹ̀ ránṣẹ́. Òṣòdì àti ọmọkùnrin kejì tó ń jẹ́ Dada Antonio ló fi ránṣẹ́. Àwọn méjèèjì padà wá. Wọ́n gbọ́ èdè àwọn oníṣòwò, wọ́n sì di ẹni tó ń bá ọba gba owó lórí ọjà tó ń wọ èbúté.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kà sí ẹni tí a lè pàdánù ni wọ́n rán lọ, ohun tó sì kọ́ lọ́hùn-ún ló sọ ọ́ di ẹni tí ààfin kò lè ṣe aláìní.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fi í ṣe alábòójútó ibi tí àwọn ìyàwó ọba ń gbé. Mo fẹ́ kí ẹ fi àmì sí ibí yìí. Ní ààfin Ọba Bìní, olóyè kan wà tó ń jẹ́ Osodin, nínú ẹgbẹ́ Ibiwe, àwọn tó ń bójú tó agbo ilé àwọn ìyàwó ọba. Ààfin Èkó sì ní àjọṣe pẹ̀lú Bìní láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ jọra, iṣẹ́ jọra. Àwọn olùkọ́ wa ti kìlọ̀ fún wa pé ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó tó ìbéèrè, ẹni tó bá ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àṣekágbá lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì: Balógun

Ọ̀pọ̀ ìwé pe Òṣòdì ní Balógun. Gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ náà, ó ti di orúkọ ìdílé, ó ti di orúkọ ọjà ní Èkó. Àwọn kan sọ pé "bàbá ní ogun" ni ìpilẹ̀ rẹ̀, Samuel Johnson ní "ìbà ní ogun" ni. Èyí tó wù ká gbà, òfin kan náà ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀: bí "ní" bá pàdé fáwẹ̀lì àìránmúpè tí kì í ṣe i, fáwẹ̀lì rẹ̀ á jẹ́ pípajẹ, n á sì di l.

ní + owó → lówó
ní + ogun → lógun
oní + omi → olómi
ní + ilé → nílé (n kò yí padà, nítorí i ló tẹ̀ lé e)

Ẹ má gbàgbé "olómi" yẹn, a máa padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Lónìí, "ọ̀gágun" ni a ń pe olórí ọmọ ogun ìjọba, ọ̀gá àti ogun tí a so pọ̀. Ọ̀gágun òde òní ní ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ ológun, ó ní lẹ́tà ìgbéga láti ipò kan sí èkejì, ó ní ọjọ́ ìfẹ̀yìntì. Òṣòdì kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ohun tó ní ni ìgbẹ́kẹ̀lé ilé kan. Ọmọ Ọba Òṣìnlókun ni Kòsọ́kọ́, ilé Òṣìnlókun ló sì tọ́ Òṣòdì dàgbà. Nígbà tí ìjà oyè dé, ẹ̀yìn ọmọ ẹni tó gbà á ló dúró sí. Ìyẹn ni àkọsílẹ̀ ìgbéga rẹ̀.

Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ àbíkú: kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́. Ọba tí orúkọ rẹ̀ ń bẹ ikú àti olórí ogun tí orúkọ rẹ̀ ń sọ ìlú mìíràn: àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ja ogun tó kàn.

Ọ̀rọ̀ kẹta: Olómirò

Ní 1841, Akítóyè ló gorí oyè ní Èkó. Kòsọ́kọ́ wà ní ìgbèkùn ní Ouidah, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Akítóyè gbà kí ó padà wálé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìjòyè kan kìlọ̀ fún un. Ní oṣù Keje 1845, ìjà bẹ́ sílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́, tí Òṣòdì wà lórí wọn, dó ti Ìgá Ìdúngànrán fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ogun Olómirò ni àwọn ará Èkó pe ogun náà, ogun omi iyọ̀. Oní àti omi ló wà ní iwájú orúkọ náà, òfin n àti l tí a rí nínú Balógun ló sì tún fara hàn.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí orúkọ náà mú àti ohun tó fi sílẹ̀. Kò dárúkọ ọba tó borí, kò dárúkọ olórí ogun. Omi ló dárúkọ. Ẹni tó sọ ogun lórúkọ báyìí kì í ṣe balógun, ẹni tó ní láti pọn omi mu ni.

Ibẹ̀ ni ìtàn tó ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ ogun Òṣòdì wà. Nígbà tí Akítóyè rí i pé ọwọ́ òun kò ká a mọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ń sá lọ. Ìtàn tí àwọn ará Èkó sọ, tí àwọn òpìtàn sì kọ sílẹ̀, ni pé Òṣòdì pàdé rẹ̀ lórí omi Àgbóyì. Ó lè mú un. Ó lè pa á. Ó jẹ́ kí ó kọjá. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Kòsọ́kọ́, ó ní oògùn ni Akítóyè fi mú àwọn, tí ara àwọn fi kú tipiri.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dúró. Kí ló fà á? Akítóyè jẹ́ àbúrò Ọba Òṣìnlókun tó gba Òṣòdì sílé. Ọmọ tí ilé kan tọ́ dàgbà kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta ẹ̀jẹ̀ ilé náà sílẹ̀, bí mo ṣe rí i nìyẹn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ológun kì í dárí ji àánú lọ́fẹ̀ẹ́. Akítóyè dé Abẹ́òkúta, ó dé Badagry, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn pé bí wọ́n bá dá òun padà sórí oyè, òun yóò fòpin sí òwò ẹrú ní Èkó. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Àgbóyì, ó padà dé, ọkọ̀ ogun ló sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ kẹrin àti ìkarùn-ún: Ahóyaya àti Agídìngbì

Ní oṣù Kọkànlá 1851, Kọ́ńsù Beecroft wá bá Kòsọ́kọ́ pé kí ó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Òṣòdì wà níbi ìpàdé náà. Kòsọ́kọ́ kọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ níbí: kì í ṣe òmìnira nìkan ni Kòsọ́kọ́ ń jà fún, owó ẹrú wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà, kì í ṣe ẹrú nìkan ni wọ́n ń rò, òwò epo àti èbúté wà lọ́kàn wọn. Òṣòdì, tó sá fún ọkọ̀ ẹrú nígbà ọmọdé, wà lẹ́yìn ọba tó ń ta ẹrú. Mi ò mọ́ ọn ní rírọ̀, mi ò sì ní mú un rọ̀ fún yín.

Lọ́jọ́ 25 oṣù Kọkànlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ lu Èkó, wọ́n sì kàn án lódì: ìbọn láti etíkun lé wọn padà. Àwọn ọmọ ogun Kòsọ́kọ́ ti ri òpó igi mọ́ inú omi kí ọkọ̀ má lè gúnlẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ yàrà, wọ́n ti to ìbọn ńlá sí bèbè. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ogun Bloodhound àti Teazer pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké padà wá. Ìjà náà le. Títí di ọjọ́ 28, Kòsọ́kọ́, Òṣòdì àti àwọn ènìyàn wọn ti fi Èkó sílẹ̀ gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ.

Orúkọ méjì ni àwọn ará Èkó fún ogun yìí. Ẹ bá mi tú wọn.

Ahóyaya: a- jẹ́ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó ń sọ ọ̀rọ̀ ìṣe di ọ̀rọ̀ orúkọ, bí ó ti rí nínú "apẹja" àti "akọrin". Hó ni ọ̀rọ̀ ìṣe, ohun tí omi ń ṣe lórí iná. Yaya ni ìró tó ń fi bí ó ṣe ń hó hàn. Ohun tó ń hó yaya: bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó gbọ́ ọta ìbọn ńlá tó ń já lu omi àti ilé ṣe rí i.

Agídìngbì: èyí jẹ́ ìfìrógbóyeyọ pátápátá. Ẹ wo àwọn kọ́ńsónáǹtì inú rẹ̀: g, d, gb. Gbogbo wọn ló jẹ́ akùnyùn. Ẹ fi wé gìdìgìdì, gbì, gbàgà. Yorùbá fẹ́ràn láti fi irú ìró báyìí kó ohun tó wúwo jọ. Lónìí, Agídìngbì jẹ́ orúkọ àdúgbò ní Ìkẹjà, àwọn ènìyàn ń lọ síbi iṣẹ́ níbẹ̀ láìrántí pé ìró ìbọn ni wọ́n ń dá lórúkọ.

Ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ka iye ọkọ̀, ó ka iye ìbọn, ó kọ orúkọ àwọn ọ̀gá wọn. Tiwa kọ ohun tí etí gbọ́. Àkọsílẹ̀ ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kẹfà àti ìkeje: Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó

Kòsọ́kọ́ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣòwò gba Pálmà àti Lẹ́kkí, láti ibẹ̀ náà ni wọ́n ti padà wá kọ lu Èkó ní oṣù Kẹjọ 1853 láìborí. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 1854, Kòsọ́kọ́ bá Kọ́ńsù Campbell ṣe àdéhùn: òun kò ní bá Èkó jà mọ́, òun yóò fi òwò ẹrú sílẹ̀, wọn yóò sì mọ Pálmà sí èbúté òun.

Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dé wo àwọn àlejò yìí, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ. Títí di òní, apá méjì ni ìlú Ẹ̀pẹ́ ní: Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ àti Èkó Ẹ̀pẹ́. Àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ lọ ni ìpìlẹ̀ Èkó Ẹ̀pẹ́. Òṣòdì tí Èkó ń pè ní Tápà, ó dé Ẹ̀pẹ́, ó di ará Èkó.

Ní oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ orúkọ rẹ̀ ní "Docemo", fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1862, wọ́n jẹ́ kí Kòsọ́kọ́ padà wálé. Òṣòdì kó àwọn tirẹ̀ bọ̀, wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti tẹ̀dó sí. Agbo ilé 21 ni wọ́n kà níbẹ̀. Kí ni àwọn ará Èkó pe ibẹ̀? Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Gbólóhùn odindi ni orúkọ yìí. Ẹ̀pẹ́ ni olùwà, tẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣe, ìdó ni àbọ̀. Fáwẹ̀lì ìdó jẹ́ pípajẹ, tẹ̀ ìdó di tẹ̀dó. Àwa ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ mọ irú orúkọ yìí: Mosáfẹ́jọ́ wà ní Òṣòdì, mo sá fún ẹjọ́. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ mọ́ inú. Ẹni tó bá ń pe Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lónìí ń tún sọ ohun tí ẹnìkan rí ní 1862: àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ti wá dó síbí.

Ṣùgbọ́n ṣé ará Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ Èkó tó sá fún ìbọn ní ọdún mọ́kànlá ṣáájú. Wọ́n padà sílé, ilé sì pè wọ́n ní àlejò.

Ibí yìí ni ohun tí mo fẹ́ sọ wà. Ẹ to orúkọ ọkùnrin kan yìí sí ìlà: ní Èkó, Tápà. Ní Ẹ̀pẹ́, Èkó. Ní Èkó lẹ́ẹ̀kejì, Ẹ̀pẹ́. Irú orúkọ yìí kò sọ ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ibi tí ó ti ń bọ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ rí i ló ń sọ. Ẹni tó bá fi orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé ìlú kì í ṣe ti ẹnìkejì, ó ti ka dátà náà sódì.

Ọ̀rọ̀ kẹjọ: Àrọ́ta

Kí ìtàn má baà dùn jù, ọ̀rọ̀ kan kù. Yorùbá ya àwọn tí kò lómìnira sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: ẹrú ni ẹni tí a rà tàbí tí a mú lógun. Ìwọ̀fà ni ẹni tó ń sin ẹlẹ́sìn títí gbèsè yóò fi tán. Àrọ́ta ni ọmọ àti ìran ẹrú ilé, tí wọ́n bí sínú agbo ilé olówó wọn.

Òṣòdì tó bẹ̀rẹ̀ bí ẹrú ààfin kú ní 1868 gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní àrọ́ta púpọ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìbéèrè dìde: ilẹ̀ agbo ilé wọ̀nyẹn, ti ta ni? Ti olóyè Òṣòdì ni, tàbí ti àwọn ìran àwọn tó bá a tẹ̀ ẹ́ dó? Ìjà náà pẹ́ gan-an. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ náà, láàárín olóyè Òṣòdì àti Dakolo, dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnu Yorùbá ń pè lójoojúmọ́ di ohun tí àwọn agbẹjọ́rò ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ níwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹni tó bá rò pé ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò wúlò níta kíláàsì, kí ó rántí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ṣé tiwa nìkan ni?

Rárá. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ọkùnrin kan wà tí ìtàn rẹ̀ jọ ti Òṣòdì gan-an. Ethiopia ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí 1548, wọ́n tà á lọ́mọdé, ó gba ọwọ́ olówó kan bọ́ sí ti èkejì títí ó fi dé gúúsù Íńdíà. Malik Ambar ni a mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ ẹrú ni Ambar, kì í ṣe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Nígbà tí olówó rẹ̀ kú, ó di òmìnira, ó kó ọmọ ogun jọ, ó di olórí ogun àti alákòóso ìjọba Ahmadnagar, ó sì dí àwọn ọmọ ogun Mughal lọ́nà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ló tẹ ìlú Khadki dó ní 1610, ìlú tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Aurangabad. Ó kú ní 1626. Àwọn ará ibẹ̀ ń pe irú àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Habshi, ará ilẹ̀ Habash. Tápà ni Òṣòdì ní Èkó, Habshi ni Ambar ní Íńdíà.

Kí ló dé tí ọba fi ń gbé ogun lé irú àwọn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́? Ọmọ onílẹ̀ ní ìdílé tó lè du oyè fún. Àlejò tí ilé ọba tọ́ kò ní ẹ̀tọ́ sí adé, nítorí náà kò ní fi idà ọba wá oyè fún ara rẹ̀. Àìní ìdílé rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ di ẹni tí a lè fi ẹ̀yìn tì.

Ká padà sí ibùdókọ̀

Àwọn àgbà àti ọ̀pọ̀ ìwé so orúkọ àdúgbò wa mọ́ ọkùnrin yìí àti ìdílé rẹ̀. Ní Òṣòdì kan náà ni ibùdó kan wà tí àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti ń rí wọn látìgbà tí mo ti wà ní kékeré, àwọn ọkùnrin tó ń rìn ṣánṣán tí wọ́n ń lọ kọ́ bí a ṣe ń kan àga. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó sì ni M.K.O. Abíọ́lá dúró sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà 1994 tó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ. Ilẹ̀ tí wọ́n fún àwọn tó ti ìgbèkùn dé ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde.

Mi ò rí bàbá ẹlẹ́ja yẹn mọ́. Mo ti ń wò ó ní Tóyótà bí ọkọ̀ bá dúró. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, kọ́ńdọ̀ mìíràn ń bá obìnrin kan jà, ó tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ "ìlú yín kọ́ nìyí". Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ látàárọ̀ yìí, Tápà ni o." Ó wò mí bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Ó ní, "Ta ni?" Mo ní, "Òṣòdì." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Irọ́ lẹ̀ ń pa." Ìyá kan lẹ́yìn ní, "Òótọ́ ni. Òṣòdì Tápà." Kọ́ńdọ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó fún obìnrin náà ní ṣéńjì rẹ̀, ó sì na ọrùn síta: "Òṣòdì! Òṣòdì Òkè!"

Mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá àgbà mi. Wọ́n ní, "Ó ti kà á."

Fún ìjíròrò

1. Wá orúkọ àdúgbò márùn-ún ní ìjọba ìbílẹ̀ rẹ tó jẹ́ gbólóhùn odindi bí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó àti Mosáfẹ́jọ́. Tú wọn palẹ̀: èwo ni olùwà, èwo ni ọ̀rọ̀ ìṣe, fáwẹ̀lì wo ló jẹ́ pípajẹ?

2. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà kan nílé yín, orúkọ wo ni àwọn aládùúgbò ń pe ìlú yín tí ẹ̀yin kì í pe ara yín? Kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.

3. Olómirò, Ahóyaya, Agídìngbì: èwo nínú wọn ló jẹ́ ìfìrógbóyeyọ pátápátá, èwo ló ní àfòmọ́, èwo ló ní ìyípadà n sí l? Kí ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ fún ọ nípa ibi tí ẹni tó sọ orúkọ náà dúró sí lọ́jọ́ ogun?